Ẹ̀yin Olófíìmù, Ẹ Wo Fíìmù Yín Lórí Fóònù Wa

Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, àwòrán kan ṣoṣo ló ń ti orí òpó wọn jáde sí gbogbo ilé. Bákan náà ni síìdì tí mo tà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ṣàgámù: ohun tí ará Sábó rà ni ará Ìpẹru rà. Fóònù ni mò ń tún ṣe báyìí, mo sì ń ta dátà mọ́ ọn. Ohun tí mò ń rí lójú fóònù àwọn oníbàárà mi ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fíìmù Yorùbá sórí YouTube. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ yà kọ́ ni àwa ń wò.

Bí fíìmù yín bá ti dé ọ̀dọ̀ YouTube, wọ́n á ṣe é ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, láti 144 tó rí bàìbàì títí dé 1080 tó mọ́ gaara, wọ́n á sì gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, tí wẹ́wẹ́ kan kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Fóònù ló ń bù wọ́n wá bí ẹni ń bu òkèlè. Bó bá ti bu ọ̀kan, á wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó wọlé, á wo iye tó ṣì wà nípamọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já fáfá, á bu èyí tó mọ́ tẹ̀ lé e. Bó bá ń fà, á sọ̀ kalẹ̀ sí 240 tàbí 144, kí fíìmù má baà dúró kó máa yí. Apple gbé irú ọ̀nà yìí jáde ní 2009. MPEG-DASH, irú rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ púpọ̀ jọ ń lò, di òdiwọ̀n àgbáyé ní 2012. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo kí wọn. Láìsí i, lálẹ́ tí gbogbo èèyàn bá ti wọ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, agbára káká ni a ó fi wo fíìmù kan tán ní Ìkẹ́nnẹ́.

Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni fóònù ń wọ̀n, kò mọ ohun tó wà lápò ẹni. Bí àwòrán bá ń wọlé ní mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan á jẹ ju gìgábáìtì 2 lọ. Láti January 2025 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti gbà kí owó ìpè àti dátà fi tó ìdá 50 nínú 100 lé sí i, ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ń bẹ̀ mí ni pé kí n bá wọn fi sí èyí tí kì í jẹ dátà. 144 náà ni mo sì ń tẹ̀ fún wọn.

Màmá kan tó ń ta obì gbé fóònù wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nínú fíìmù tí wọ́n ń wò, ìyàwó já fóònù ọkọ gbà, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ kan, ó bú sẹ́kún. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà hàn lójú fóònù, kò sì sẹ́ni tó kà á sókè. “Ọmọ mi, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?” Mo fọwọ́ ṣíji bò ó, mo gbé e sún mọ́ ojú. Lẹ́tà ti lẹ̀ mọ́ra wọn, a ò mọ A yàtọ̀ sí O. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti yí padà, Màmá ò sì mọ ohun tó pa ìyàwó lẹ́kún títí fíìmù fi parí.

Ìran òru ńkọ́? Igbó tí ẹ náwó iná lé lórí, dúdú kìjikìji ni lójú tiwa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní tí ẹ ń kọ sísàlẹ̀ kò ṣeé kà rárá.

Mi ò ní kí ẹ lọ fi kámẹ́rà burúkú ya fíìmù. Ẹni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá ní London ní ẹ̀tọ́ sí 1080 rẹ̀. Àmọ́ àwa náà ń wo ìpolówó tí wọ́n ń fi sáàárín fíìmù yín. Ohùn kì í jẹ dátà bí àwòrán, ó sábà máa ń já geere nígbà tí àwòrán ti bàjẹ́. Ẹ lò ó. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yẹn ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè.

Kí ẹ tó gbé èyí tó kàn jáde, ẹ wá fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, ẹ tẹ 144, kí ẹ sì gbé e fún ẹni tí kò sí níbi tí ẹ ti yà á, kó wò ó ní gbangba ìta lọ́sàn-án. Ibi tó bá ti bi yín pé kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ padà lọ tún ibẹ̀ ṣe.