Ẹ Má Jókòó sínú Mọ́tò Mọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Minneapolis, ní Brooklyn Park, ní Brooklyn Center àti káàkiri Minnesota, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bí síbí, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá bàálù dé tí ẹ kò tíì ra kóòtù, gbogbo yín lọ̀rọ̀ yìí kàn. Mo fẹ́ kí a wọ ẹgbẹ́ síkì àdúgbò lọ́dún yìí. Kí ó má mọ sí pé a forúkọ ọmọ sílẹ̀. Kí a wọ̀ ọ́ tọmọ-tòbí.

Síkì tí mò ń wí kì í ṣe ti àwọn tó ń já ṣòòrò láti orí òkè gíga, tí wáyà máa ń gbé gòkè kí wọ́n tó tún já bọ̀. Síkì ọ̀nà jíjìn ni, èyí tí a fi ń la igbó àti pápá kọjá, tí ẹsẹ̀ méjèèjì àti apá méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́, tí gìgísẹ̀ kì í so mọ́ ohun tí a wọ̀, tí èèyàn ń fi agbára ara rẹ̀ gun òkè kó tó jẹ adùn ìsọ̀kalẹ̀.

Ẹ dé ibi ìgbọ́kọ̀sí Theodore Wirth Park ní ìrọ̀lẹ́ oṣù January, ẹ ó rí ohun tó ń dùn mí. Àwọn ọmọ ti tò sórí yìnyín, iná ti tàn sójú ọ̀nà inú igbó, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, akọ́nimọ̀ọ́ṣe ń pe orúkọ. Lára àwọn òbí tó gbé wọn wá, àwọn kan ti ń de bàtà síkì tiwọn. Àwọn tiwa wà nínú mọ́tò. Wọ́n tan híítà sílẹ̀, wọ́n ń fi fóònù bá ará ilé sọ̀rọ̀, títí ọmọ á fi padà wá kan gíláàsì. Ọmọ náà á wọlé, ojú rẹ̀ á máa dán, á fẹ́ ròyìn bí òun ṣe gun òkè ńlá yẹn láì dúró. Òbí rẹ̀ á ní, "Ó dáa, ti ilẹ̀kùn." Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ. Kò mọ òkè tí ọmọ ń sọ ni.

Ìgbà òtútù ibí kì í ṣe àlejò ọ̀sẹ̀ méjì. November ló ń dé, ó di òpin March kó tó lọ, nígbà mìíràn ó tún ń yọjú ní April. Ní December, oòrùn ti wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù àti ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. A jáde nínú òkùnkùn, a wọlé nínú òkùnkùn: ilé sí mọ́tò, mọ́tò sí ibi iṣẹ́, ibi iṣẹ́ sí ibùsùn. Àwọn dókítà mọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí àìrí ìmọ́lẹ̀ tó máa ń fà lásìkò yẹn, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Láàárín àwa, "ó kàn rẹ̀ mí ni" la máa ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ náà kì í fún wa nísinmi nínú àwọn oṣù tí a kì í rìn. Oṣù márùn-ún nínú méjìlá, lọ́dọọdún, la fi ń ti ara wa mọ́lé. Ẹni tó bá ti lo ogún ọdún níbí báyìí ti fi ohun tó ju ọdún mẹ́jọ lọ retí oòrùn. Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ìlú wọn nìyí. Yìnyín tí à ń sá fún ni ojú ọjọ́ ilé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é, torí ohun tí a kò mọ̀ ló ń bà wá lẹ́rù. Ọ̀nà méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní classic. Ẹ̀rọ ńlá kan á ti fa ipa méjì gbọọrọ sójú yìnyín, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ipa tirẹ̀. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀, ẹ ti ara yín síwájú, èkejì á máa yọ̀ lọ. Ní àárín abẹ́ síkì náà, ibì kan wà tó ń di yìnyín mú: ó lè jẹ́ ìda ni wọ́n fi pa á, ó lè jẹ́ awọ onírun ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ ẹ bí ìpẹ́ ẹja. Òun ni kì í jẹ́ kí èèyàn yọ̀ padà sẹ́yìn tó bá ń gun òkè. Ọ̀nà kejì ni skate. Ojú ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, kò ní ipa, ẹsẹ̀ á máa ṣí sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ọ̀pá ti classic kì í ga ju èjìká lọ. Ti skate lè dé àgbọ̀n tàbí ètè.

Classic ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lè rìn lè bọ́ sínú ipa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Skate máa ń gba èémí púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbé gbogbo ara láti orí ẹsẹ̀ kan sí èkejì lójú agbo ijó kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n, torí orí gbígbé ìwọ̀n ara yẹn gan-an ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ẹ̀yin tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ẹ gbọ́ èyí: nínú síkì, kò sí fífi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ gbì-gbì-gbì bíi ti eré sísá. Ẹsẹ̀ ń yọ̀ ni. Síbẹ̀, itan, ẹ̀yìn, ikùn, apá, kò sí èyí tó ń sinmi, ìdí sì nìyẹn tí àwọn elésíkì ọ̀nà jíjìn fi wà lára àwọn eléré ìdárayá tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn lágbára jù lọ láyé. Ní Sweden, níbi tí wọ́n ti ń sá Vasaloppet, eré àádọ́rùn-ún kìlómítà, láti 1922, àwọn onímọ̀ ìlera tẹ̀ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ti sá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé ikú kì í tètè pa wọ́n tó bó ṣe ń pa àwọn ẹlòmíì. Lóòótọ́, ẹni tó lè sá àádọ́rùn-ún kìlómítà ti lè jẹ́ alára líle tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ara líle náà, ibì kan ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ẹ ó ṣubú. Kò sí ẹni tí kì í ṣubú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lórí síkì, ẹni tó rí wa ni àgbà máa ń wẹ̀yìn wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín rí yín nílẹ̀. Ọmọ tí à ń sọ fún lójoojúmọ́ pé ìṣirò kò le, pé kó má bẹ̀rù, kò tíì rí wa rí níbi tí a ti ń kọ́ ohun tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá dúró ti ìyá rẹ̀, tó ní, "Mọ́mì, ẹ to síkì méjèèjì pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kúnlẹ̀, ẹ wá dìde," ọ̀wọ̀ tí ọmọ yẹn ní fún ìyá rẹ̀ kò ní dín kù. Á pọ̀ sí i ni. Bàbá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ lórí òkè kan náà, tí kò sì padà, ti kọ́ ọmọ yẹn ní ohun tí ìbáwí kò lè kọ́ ọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹgbẹ́ tó gba tọmọdé tàgbà nìyí, tí mi ò fi fẹ́ èyí tí a kàn ń já ọmọ sílẹ̀ sí.

Ẹlòmíì á ní, "Ti òyìnbó nìyẹn." Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, torí tí ẹ bá wo ìlà ìbẹ̀rẹ̀ eré, ojú funfun ló pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtìpó ló gbé síkì dé Minnesota: ará Norway, ará Sweden, ará Finland tó ṣí wá wá iṣẹ́ àti ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe wá. Kí ló dé tí àtìpó yóò fi máa wò ó láti òkèèrè? Philip Boit, sárésáré ọmọ Kenya, lọ kọ́ síkì ní Finland ní 1996. Ní 1998, ó sá kìlómítà mẹ́wàá ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Nagano, òun ló sì gbẹ̀yìn. Bjørn Dæhlie ará Norway, tó gba góòlù, dúró dè é lẹ́nu ìlà nínú òtútù títí ó fi dé, ó sì dì mọ́ ọn. Boit sọ ọmọ rẹ̀ ní Daehlie, ó tún padà lọ sí Òlíḿpíìkì ní 2002 àti 2006. Ní 2014, ní Sochi, Mathilde-Amivi Petitjean, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Togo, sá síkì ọ̀nà jíjìn fún Togo. Orí Facebook ni àjọ síkì Togo ti kàn sí i. Ní Beijing ní 2022, eléré kan ṣoṣo ló ṣojú Nàìjíríà, síkì ọ̀nà jíjìn ni Samuel Ikpefan sì sá. Ṣáájú ìyẹn, ní 2018, Seun Adigun, Ngozi Onwumere, Akuoma Omeoga àti Simidele Adeagbo ti ṣí ọ̀nà Nàìjíríà sí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù, lórí ọkọ̀ yìnyín ni tiwọn. University of Minnesota tó wà níbí yìí ni Omeoga ti sáré nígbà tó ń kàwé. Ta ló wá kù tí a fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?

Ibi tí a ó ti ṣe é kò sì jìnnà. Wirth Park fara kan North Minneapolis, níbi tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ń gbé. Láti 2018 ni ilé kan tí wọ́n ń pè ní The Trailhead ti wà níbẹ̀, tí Loppet Foundation ń lò fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé àti àgbà. Elm Creek ní Maple Grove kò jìnnà sí Brooklyn Park rárá. Àwọn ará Bloomington ní Hyland Lake. Minnesota Youth Ski League ní ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé káàkiri ìpínlẹ̀ yìí, àwọn òbí tó yọ̀ǹda ara wọn ló sì ń kọ́ni nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama náà ní ikọ̀ síkì. Ẹ bi ọmọ yín léèrè lálẹ́ òní bóyá tiwọn ní.

Ní ti òtútù, ẹni tó bá wọ kóòtù ńlá sórí síkì kò ní pẹ́ bọ́ ọ, torí iṣẹ́ náà ń mú ara gbóná. Òógùn ni ọ̀tá. Ẹ má wọ aṣọ òwú sára, torí tó bá ti gba omi, yóò tutù mọ́ yín lára. Ẹ wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn tàbí èyí tí kì í fa omi, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń mú ara móoru lé e, èyí tí atẹ́gùn kì í là kọjá lókè, ìbọ̀wọ́, fìlà tó bo etí. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má jẹ́ kí irun dídì dá yín dúró. Ẹ fi síkáàfù ṣẹ́dà sábẹ́ fìlà. Ẹ rọ ògì gbígbóná sínú fíláàsì, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín tẹ́ ẹ bá parí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Ẹni tí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, òtútù máa ń dá ìrora sílẹ̀ fún un, kò sì gbọ́dọ̀ wọ síkì láì jẹ́ pé dókítà rẹ̀ bá a fọwọ́ sí i. Ẹni tó jẹ́ AS, kó sọ fún akọ́nimọ̀ọ́ṣe, kó máa mu omi dáadáa, kó sì rọra bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù lè gbé asthma dìde, kí àwọn tó ní in bo ẹnu, kí oògùn wọn sì wà lápò. A kì í fi ìlera ọmọ dán nǹkan wò.

Ẹ má lọ ra síkì tuntun. Ẹ yá a, tàbí kí ẹ dúró de ìgbà ìwọ́wé tí àwọn èèyàn ń ta àlòkù tí ẹsẹ̀ ọmọ wọn ti tóbi jù. Tí owó ẹgbẹ́ bá wúwo, ẹ béèrè ìrànwọ́ kí ẹ tó sọ pé kò sí. Tí ọjọ́ ìpàdé bá bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ wá ẹgbẹ́ tó ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọ̀sán gangan wà fún yín, igbó á sì dákẹ́ nígbà náà.

Kí ló dé tí mo fi ń kánjú? Ìgbà òtútù fúnra rẹ̀ ti ń yí padà. Ní February 2024, ìdíje World Cup ti síkì ọ̀nà jíjìn wá sí Wirth, èyí àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 2001, tí Jessie Diggins, elésíkì ọmọ Afton níbí, ti ń jà fún láti ọdún pípẹ́. Ọdún yẹn móoru tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín àtọ̀runwá fi ṣọ̀wọ́n. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ló gba eré náà là. Síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀rọ yẹn ń gba owó, ó ń gba òṣìṣẹ́, ó sì ń gba àwọn aráàlú tí wọn kò ní dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń pín owó ọgbà ìlú. Tí a kò bá sí lára àwọn tó ń lo ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi wá níbi tí wọ́n bá ti ń pinnu ọ̀nà tí wọn ó pa tì àti èyí tí iná rẹ̀ yóò máa tàn.

Ẹ má dúró de yìnyín. Ìgbà ìwọ́wé ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń gba orúkọ, ìgbà yẹn náà ni wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò lórí ilẹ̀ gbígbẹ: eré sísá, fífi ọ̀pá gun òkè, síkì onítáyà. Ẹ pe ìdílé kan sí i, kí ẹ jọ lọ, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ kéde rẹ̀ fún àwọn èèyàn yín. Fọ́ọ̀mù ọmọdé wà, ti àgbà náà wà. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín. Kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà, ẹ kọ tiyín.