Nígbà Tí Owó Oṣù Bá Dáwọ́ Dúró: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Di Agbaṣẹ́ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lóṣù yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Láti Ìyìn títí dé Ìgèdè, láti Adó títí dé Ìkéré, ṣàṣà ni ilé tí kò ní ẹnìkan tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ oṣù. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba, iṣẹ́ tí a mọ Èkìtì mọ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí jìnnìjìnnì fi ń bo ilé nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé, “Mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo fẹ́ máa gba kọ̀ǹtíráàtì fúnra mi.” Ìyá á ní àwọn ayé ti dé síbẹ̀. Ìyàwó á béèrè pé ta ni yóò san owó ilé ìwé.

Ìbéèrè wọn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa bóyá iṣẹ́ oṣù tí à ń pè ní iṣẹ́ tí kì í yẹ̀ kì í yẹ̀ lóòótọ́. Ní 1975, ìjọba ológun Murtala Muhammed dá òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 dúró láàrin oṣù díẹ̀. Ní 2004, Báńkì Àpapọ̀ ní kí owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan di bílíọ̀nù 25 náírà. Nígbà tí 2005 fi máa parí, báńkì 89 ti di 25, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń wọ táì lọ síbi iṣẹ́ sì padà wálé. Láàrin 2015 sí 2018, ìpínlẹ̀ púpọ̀ ló jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù, Èkìtì tiwa náà kò yọ sílẹ̀. Ẹni tó ní oko nígbà náà ló rí iṣu jẹ.

Nítorí náà, ẹni tó ní òun fẹ́ dá dúró kò ya wèrè. Ẹni tó kàn bẹ́ jáde láìmọ ibi tí òun yóò balẹ̀ sí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ wá lóminú.

Ẹ wo Jákọ́bù lọ́dọ̀ Lábánì. Ogún ọdún ló fi sìn ín, ó sì fi ẹ̀sùn kàn án pé ó pààrọ̀ owó ọ̀yà òun lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Síbẹ̀ kò sá jáde lọ́jọ́ tí inú kọ́kọ́ bí i. Ó béèrè ìgbà tí òun náà yóò pèsè fún ilé ara òun, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ dá àdéhùn tuntun lórí àwọn ẹran abilà. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi tọ́jú agbo ara rẹ̀ kí ó tó kó ìdílé rẹ̀ sọ́nà. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì orí 30 àti 31, kí ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń ti abẹ́ ọ̀gá bọ́ sí àyè ara rẹ̀.

Nítòsí wa níbí, ẹ wo Olóyè Afẹ́ Babalọlá, ọmọ Adó. Nígbà tó di lọ́yà, kì í ṣe pátákó orúkọ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé síta. Ilé iṣẹ́ Olú Ayọ̀ọlá ní Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Ọdún 1965 ló tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn ń fi owó ẹlòmíràn kọ́gbọ́n, àṣìṣe tó bá ṣe níbẹ̀ kò lè ba ilé tirẹ̀ jẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi ẹsẹ̀ kan sínú ọ́fíìsì ìjọba kí ẹ fi èkejì sínú kọ̀ǹtíráàtì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni èmi náà, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àfikún Karùn-ún nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún láyè láti máa darí òwò àdáni. Iṣẹ́ oko nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹ dáko nígbà náà. Ẹ kọ́ iṣẹ́ mọ́ iṣẹ́, ẹ tọ́jú owó sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n kí onígbàgbọ́ máa fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ gba iṣẹ́ tó ń gba orí tábìlì òun fúnra rẹ̀ kọjá, a kì í pe ìyẹn ní ọgbọ́n, olè ni.

Èkejì ni owó ìfẹ̀yìntì. Àjẹìwẹ̀yìn ló ń mú àgbà ru igbá rẹ̀ délé. Owó tí ẹnìkan fi ọdún gbọọrọ kó jọ, ọjọ́ méjì ni àwọn ẹbí yóò fi pín in lọ́kàn wọn kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Kí tọkọtaya jókòó kí lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ tó jáde nílé. Ẹ ya oúnjẹ oṣù mẹ́fà àti owó ilé ìwé sọ́tọ̀, ẹ má fi ra irinṣẹ́. Ẹni tó wà lábẹ́ ètò pẹ́ńṣọ̀n tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá, tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò tíì rí iṣẹ́ mìíràn, òfin 2014 gbà á láyè láti mú ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀. Ẹ má gbójú lé e pé gbogbo rẹ̀ ni yóò bọ́ sọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún rántí pé kò sí ẹni tí yóò máa bá yín dá sí i mọ́. Láti 2019 ni ètò pẹ́ńṣọ̀n fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn ti wà. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dá a, ṣùgbọ́n ẹ máa dá a.

Ẹ̀kẹta ni ìwé. Ẹ forúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC. Láti ìgbà òfin ilé iṣẹ́ ti 2020, ẹnìkan ṣoṣo pàápàá lè dá ilé iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀. Ẹ ṣí àkántì òwò, kí owó símẹ́ǹtì má bàa dàpọ̀ mọ́ owó ọbẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ oṣù, wọ́n ń yọ owó orí kí owó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ ni yóò kọ iye tó wọlé fún un ránṣẹ́ sí àwọn agbowó orí ìpínlẹ̀, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2026 kò gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí lọ́dún, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ lé yín sá.

Ẹ̀kẹrin, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ni iye owó iṣẹ́. Ká ní ẹnìkan ń gba ₦120,000 lóṣù. Ó pín in sí ọjọ́ 22 tó fi ń ṣiṣẹ́, ó rí nǹkan bíi ₦5,450, ó ní iye tí òun yóò máa gbà lójúmọ́ nìyẹn. Ó ti jìn sí kòtò. Owó oṣù kì í dúró nígbà tí ara kò bá yá, tàbí nígbà ọdún Kérésì. Agbaṣẹ́ṣe lè má rí ju 150 ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dún. ₦1,440,000 ọdún kan tí a bá pín sí 150 jẹ́ ₦9,600 lójúmọ́, a kò sì tíì ka irinṣẹ́, owó ọkọ̀ àti oògùn. Ẹ ṣírò dáadáa, kí ẹ sọ iye tó jẹ́ òtítọ́. Ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún èbù tó ní igba ni òun gbìn, nígbà tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, bó jẹ́ ìwé kan ṣoṣo. Ẹ ya owó ohun èlò sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ kọ iye tí wọn yóò san kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye tí wọn yóò san nígbà tó bá dé ìdajì, àti ọjọ́ tí ìyókù yóò wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má gbójú lé oníbàárà kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Mo wá fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń gbani síṣẹ́ náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ kan. Bíríkìlà tó bá wa ṣiṣẹ́, ọmọ ìjọ ni. Kò tíì pé ọdún kan tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ akọ́lé kan. Nítorí pé ilé Ọlọ́run ni, ó din owó fún wa, kò sì béèrè ìwé. Nígbà tí iṣẹ́ parí, a sọ fún un pé kó ní sùúrù, Ọlọ́run yóò sán an fún un. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá. Láàrin oṣù mẹ́sàn-án yẹn, a ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun, a sì ṣe ìyàsímímọ́ pẹ̀lú ìrẹsì àti màlúù. Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, “Pásítọ̀, àwọn ọmọ ti kúrò nílé ìwé.” N kò rí ohun kankan sọ. Mo ti bá wọn jẹ nínú ìrẹsì náà. A san gbèsè náà lọ́sẹ̀ yẹn, tó fi hàn pé owó wà láti ìgbà yìí wá. Ohun tí kò sí ni ìfẹ́ láti san án.

Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Léfítíkù orí 19 kò gbà kí owó alágbàṣe sùn mọ́ wa lọ́wọ́ di òwúrọ̀. Jákọ́bù nínú ìwé tirẹ̀, orí karùn-ún, sọ pé owó ọ̀yà tí a dá dúró ń ké, Olúwa sì ń gbọ́. Òfin ayé pàápàá mọ èyí. Òfin ìgbéṣẹ́jáde ti ìjọba àpapọ̀, ti 2007, ka owó agbaṣẹ́ṣe tó bá ti ju 60 ọjọ́ lọ sí gbèsè tó pẹ́, tó sì yẹ kí èlé gorí rẹ̀. Ṣé kí ilé Ọlọ́run wá burú ju ọ́fíìsì ìjọba lọ?

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ìjọ kankan má ṣe ìyàsímímọ́ ilé tí a ṣì jẹ alágbàṣe rẹ̀ lówó. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè yá ra irinṣẹ́. Kí àwa ẹbí dín ẹ̀bẹ̀ kù lọ́rùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì jẹ kápẹ́ńtà, tẹ́lọ̀ tàbí oníná lówó, kí ó lọ san án kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá gbàdúrà pé kí Olúwa ṣí ọ̀nà iṣẹ́ fún ọmọ òun.

Olúwa yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.