Òfin Ìdìbò Ló Yẹ Kí Àwọn Sósíálístì Kọ́kọ́ Dojú Kọ

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti fọwọ́ sí ètò sósíálístì níbi àpérò Jos lọ́dún 1962, kò tíì sí ìgbà tí a kò rí èèyàn ní Nàìjíríà tó gbà pé ìbò, kì í ṣe ìbọn, ni a ó fi sọ ọrọ̀ ìlú di ti mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n àṣà wọn ni láti dá ẹgbẹ́ tuntun, kí wọ́n fa olùdíje ààrẹ kalẹ̀, kí wọ́n fìdí rẹmi, kí wọ́n tún dúró de ọdún mẹ́rin mìíràn. Òfin tí a fi ń ka ìbò ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bá jà.

Ẹ wo ọdún 1979. Àríyànjiyàn tí gbogbo wa rántí ni ti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19. Iye ìbò fúnra rẹ̀ la kì í sábà wò. Shehu Shagari ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.7, Awólọ́wọ̀ ní mílíọ̀nù 4.9, Aminu Kano ti PRP, tí òun náà ń jà fún tálákà lókè Ọya, ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 1.7. Díẹ̀ ni ìbò ẹni tó wọlé fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. N kò sọ pé àwọn ọmọlẹ́yìn Aminu Kano ì bá gbé Awólọ́wọ̀ wọlé. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, nítorí òfin kò bi wọ́n pé bí tiyín kò bá wọlé, ta ni ẹ tún fẹ́? Lọ́dún 2023, wọn kò tún bi ẹnikẹ́ni: ẹni tó wọlé kò ní tó ìdá 37 nínú ìbò 100, ó sì bá òfin mu bẹ́ẹ̀.

Ilé aṣòfin ni ọ̀rọ̀ ti burú jù. Àga 360 ló wà nílé aṣojú-ṣòfin, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọlé lágbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó bá ní ìdá 6 nínú 100 káàkiri Nàìjíríà lè má rí àga kankan. Ní South Africa, níbi tí wọ́n ti ń pín àga bí ìbò bá ṣe pọ̀ sí, ẹgbẹ́ EFF tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2013 ní ìbò tó lé díẹ̀ ní ìdá 6 lọ́dún 2014, ó sì gba àga 25 nínú 400. Tiwa tún fi ìyà kún ìyà. Gani Fawehinmi dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCP sílẹ̀ lọ́dún 1994. Ẹgbẹ́ náà àti àwọn mìíràn bá àjọ elétò ìdìbò, INEC, ṣẹjọ́ lórí ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì jàre lọ́dún 2003. Nígbà tó yá, wọ́n ki abala 225A bọ inú ìwé òfin, pé ẹgbẹ́ tí kò bá rí àga, tí ìbò rẹ̀ kò sì tó ìwọ̀n kan, INEC lè fagi lé e. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ẹgbẹ́ 74 ló bá a lọ, NCP àti Socialist Party of Nigeria wà nínú wọn. Òfin tí kò jẹ́ kí ìbò wọn di àga náà ló tún dá wọn lẹ́bi pé wọn kò ní àga. Ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Muhammadu Uwais ti dábàá lọ́dún 2008 pé kí a fi pípín àga gẹ́gẹ́ bí ìbò kún ètò tí à ń lò. Àwọn kan ní yóò sọ ìjọba di aláìlágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀: ààrẹ wa kì í ti ilé aṣòfin wá, ẹgbẹ́ kékeré kan kò lè fi ìbínú lé e kúrò. Àwọn mìíràn ní àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ni yóò máa to orúkọ bó ṣe wù wọ́n. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí olùdìbò fúnra rẹ̀ lè mú orúkọ tó fẹ́ nínú àwọn tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ń ti ọ̀dọ̀ àwọn sósíálístì fúnra wọn wá. Wọ́n ní à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, nígbà tí jàǹdùkú ń já àpótí gbà, tí dìbò-kóo-sebẹ̀ ń lọ ní gbangba. Pé ìgboro ló kù. Mo mọyì ìgboro. Ìyanṣẹ́lódì oṣù Kìíní ọdún 2012 fa owó epo wálẹ̀ láti náírà 141 sí 97. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgboro dákẹ́, mélòó ló kù nílé aṣòfin tí yóò ṣọ́ ohun tí a jà gbà? Ní ti ìbò rírà, níbi tí ìbò díẹ̀ ti lè gbé àga kan fúnni pátápátá ló ti ń mówó wọlé jù. Bí gbogbo ìbò ìpínlẹ̀ bá ń jẹ́ ìbò, owó tí wọ́n fi ra àdúgbò kan kò ní ju ìpín àdúgbò kan lọ.

Àtúnṣe yìí ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Abuja, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ní gbogbo ìpínlẹ̀. Okun tí àwọn sósíálístì ń lò lórí pósítà olùdíje ààrẹ, kí wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà àwọn aṣòfin Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì. Mẹ́fà nìyẹn nínú 24.