Gáàsì Éésì Ọkọ̀ Kì í Tán, Jíjò Ni Ó Ń Jò

Láti oṣù Èrèlè títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, ooru a máa mú gidigidi ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Ìwó Road tàbí Mọ́kọ́lá nílùú Ìbàdàn ní ọ̀sán gangan mọ̀ bí ó ti ń rí. Ní irú àkókò yìí ni àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń pọ̀ ní ìsọ̀ àwọn tí ń tún ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ ṣe, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí éésì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn: “Ẹ bá mi fi gáàsì sí i, ó ti tán.” Wọn a san owó, inú ọkọ̀ a tutù, ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọn a tún padà wá.

Èrò tiwa ni pé gbólóhùn yẹn gan-an ni ó ń gbọ́n owó lọ lápò àwọn ará ìlú. Gáàsì éésì kì í ṣe epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Inú páìpù ni ó ń yí po, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Lóòótọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ lè máa gba ara páìpù onírọ́bà yọ láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ń béèrè gáàsì ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní ibì kan tí ó ti ń jò.

Bí éésì ṣe ń ṣiṣẹ́

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, ni ó ń ti gáàsì pẹ̀lú agbára lọ sínú kọ́ńdẹ́ńsà tí ó wà níwájú rẹdiétọ̀. Níbẹ̀ ni gáàsì ti ń tú ooru ara rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, tí ó sì ń di olómi. Yóò gba inú agolo kékeré kan tí ń fa ọ̀rinrin kọjá, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní dráyà. Lẹ́yìn èyí, yóò gba ojú ihò tóóró kan wọ kọ́ìlì inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni ó ti ń tutù nini, tí fáànù yóò sì máa fẹ́ òtútù náà sí wa lára.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé gáàsì yìí kan náà ni ó ń gbé ọ́ìlì kiri dé inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Bí gáàsì bá ń jò, ọ́ìlì ń bá a lọ. Bí ọ́ìlì bá dín kù, irin yóò máa ha irin títí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò fi gan. Bí ó bá sì gan, ìfọ́kùúfọ̀ọ́ irin yóò tàn ká gbogbo páìpù. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mìíràn tí a rà fi lè bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí a kò bá fọ páìpù, tí a kò sì pààrọ̀ dráyà. Rọ́bà òrùka kan tí kò wọ́n, tí a kò pààrọ̀ ní àsìkò, ni ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan gbogbo wa lónìí

Èkíní ni ti owó. Lẹ́yìn ìkéde ìyọkúrò owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023, owó epo bẹntiróòlù gòkè láti ìsàlẹ̀ ₦200 sí ohun tí ó lé ní ₦400 fún lítà kan. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, iye náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀: dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí ₦460 kọjá ₦1,500 nígbà tí ó di ọdún 2024. Bẹ́ẹ̀ sì ni, òkè òkun ni gáàsì éésì àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí a ń rà ní ọjà Àrárọ̀mí ní Agodi Gate ti ń wá. Ẹni tí ó ń ra gáàsì lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ń fi náírà tí kò lágbára bu omi sínú agbọ̀n.

Èkejì ni ti ayé tí a ń gbé. Gáàsì R-134a ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ wa. Ó rọ́pò R-12, tí àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 fi òpin sí nítorí pé ó ń ba ìbòrí ózóònù jẹ́. R-134a kò ba ózóònù jẹ́, ṣùgbọ́n ìlọ́po 1,300, ó kéré tán, ni ó fi ju kábọ́nì inú èéfín ọkọ̀ lọ ní mímú ayé gbóná. Bí a bá tú ìdajì kílò rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, ìyẹn nǹkan bí iye tí ó wà nínú ọkọ̀ kékeré kan, ó dà bí ẹni tí ó jó epo bẹntiróòlù tí ó lé ní 250 lítà.

Ní ọdún 2018 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àtúnṣe Kigali sí àdéhùn náà. Gẹ́gẹ́ bí ètò rẹ̀, láti ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa kò gbọdọ̀ fi kún iye irú gáàsì yìí tí wọ́n ń lò. Wọn yóò dín in kù ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 2029, yóò sì di ìdá 80 ní 2045. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọjà ni pé ó ṣeé ṣe kí gáàsì yìí máa wọ́n sí i. Èyí tí a jẹ́ kí ó jò dànù lónìí, a lè wá a tì lọ́la.

Ẹ̀kẹta ni ti ọkọ̀ tòkúnbọ̀. Láti ọdún 2017, òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gba R-134a láyè mọ́ nínú ọkọ̀ tuntun. R-1234yf ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wọlé sọ́dọ̀ wa. Gáàsì yìí wọ́n, ó lè gbiná díẹ̀, ẹnu ibi tí a ń gbà fi í sínú ọkọ̀ sì yàtọ̀. Kò yẹ kí a da oríṣi méjèèjì pọ̀ rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú

Níbi tí ọjà bá ti wọ́n, ayédèrú kì í pẹ́ dé. Ní ọdún 2011, àwọn kọ̀ǹténà amóhuntutù tí ayédèrú R-134a ti wọ inú wọn bú gbàmù ní Vietnam àti Brazil, ẹ̀mí sì ṣòfò. Kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ gáàsì náà ni ó bá irin alumíníọ̀mù jà. Irin yìí kan náà ni a fi ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀yà éésì ọkọ̀. Àwọn kan tún ń fi gáàsì tí ó bá gáàsì ìdáná tan sínú éésì, èyí tí ó lè gbiná bí páìpù bá bẹ́ nítòsí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Gáàsì tí owó rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ti ọjà lọ púpọ̀ yẹ kó mú ìfura dání.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Kì í ṣe àwọn oníṣẹ́ nìkan ni ẹ̀bi wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ pé ọkọ̀ náà ń jò, ṣùgbọ́n oníbàárà kì í fẹ́ sanwó fún àyẹ̀wò. Òtútù ọjọ́ kan ni ó bá wá. Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ láti gba àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí:

1. Ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí ó ti ń jò, yálà pẹ̀lú ọṣẹ tí ń hó tàbí pẹ̀lú aró tí ń tàn lábẹ́ iná. Ojú ìsopọ̀ páìpù tí eruku ti lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

2. Nígbàkígbà tí wọ́n bá tú éésì, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà òrùka àti dráyà, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde kí gáàsì tó wọlé.

3. Ẹ wo àkọlé tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó sọ irú gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀. Òṣùwọ̀n ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àpọ̀jù gáàsì kì í jẹ́ kí éésì tutù dáadáa, ó sì ń ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lára.

4. Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ fi omi tí kò le fọ eruku ara kọ́ńdẹ́ńsà, kí ẹ sì pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀.

5. Ní àkókò òjò pàápàá, ẹ máa tan éésì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, kí ọ́ìlì lè máa dé ara àwọn rọ́bà rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀bẹ̀ wa sí yín ni pé kí ẹ má ṣe máa tú gáàsì sáfẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ fà á sínú sílíńdà kí ẹ tó tú páìpù, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín bẹ́ẹ̀. Gáàsì náà lè dá egbò sí ojú tàbí awọ ara nítorí òtútù rẹ̀.

Àyẹ̀wò lè mú kí owó iṣẹ́ pọ̀ díẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, kò tó owó gáàsì ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, kò sì súnmọ́ owó kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Nígbà tí ooru bá tún dé, tí ẹ bá sì wọ ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta gáàsì. Ẹ béèrè ibi tí ó ti ń jò.