Sí Àwọn tí Ń Pe Ọmọ Aláìfarabalẹ̀ ní Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí fẹ́ràn láti máa sọ, tí àwa olùkọ́ pàápàá sì máa ń gbè lẹ́yìn. Wọn a ní: ‘Ọmọ tí ó lè jókòó ti géèmù fún wákàtí 4 láìmira, ṣé òun ni kò lè jókòó ti ìwé fún ìṣẹ́jú 40? Ọ̀lẹ ni, ẹ fún un ní pàṣán.’ Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà, ó sì ti ṣe ọmọ púpọ̀ ní ibi.

Kì í ṣe òní ni a ti mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1902, oníṣègùn ọmọdé kan, George Still, dúró níwájú àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣàpèjúwe àwọn ọmọ tí òye wọn pé, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kó ara wọn níjàánu, tí ọkàn wọn kì í sì í pẹ́ lórí ohun kan. Lónìí, ADHD ni àwọn oníṣègùn ń pe irú ìṣòro yìí. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò ní àfiyèsí rárá. Àfiyèsí náà ni kì í gbọ́ àṣẹ rẹ̀. Ohun tí ń san èrè lójú ẹsẹ̀ a dì í mú. Ohun tí èrè rẹ̀ di ọ̀la a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo géèmù. Ọmọ tẹ ìka kan, ìmọ́lẹ̀ kọ mànà. Ó ṣẹ́gun ọ̀tá kan, a fún un ní ẹ̀bùn. Ó kùnà, ó tún bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ìwé ìṣirò ha rí bẹ́ẹ̀ bí? Làálàá rẹ̀ jẹ́ ti òní, máàkì rẹ̀ di òpin sáà. Nítorí náà, wákàtí 4 tí ó lò nídìí géèmù kì í ṣe ẹ̀rí pé ó lè farabalẹ̀ bí ó bá fẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀rí ìṣòro náà gan-an. Àwọn olùwádìí ti rí i pé irú àwọn ọ̀dọ́langba bẹ́ẹ̀ a máa há sínú eré yìí ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

Èmi kò wí pé gbogbo ọmọ tí ó fẹ́ràn géèmù ni ara rẹ̀ kò dá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó gba àṣejù géèmù wọ inú ìwé àìsàn rẹ̀ ní 2019, béèrè pé kí ọmọ náà má lè ṣàkóso eré náà mọ́, kí eré borí ohun gbogbo láyé rẹ̀, kí ó sì máa bá a lọ bí ó tilẹ̀ ń pa á lára, fún nǹkan bí oṣù 12. Bákan náà, àmì ADHD a ti máa hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, kì í sì í ṣe ní ibì kan ṣoṣo. Ọmọ tí ó ń farabalẹ̀ títí ó fi di ọmọ ọdún 15, tí a wá ra fóònù fún, tí kò sì farabalẹ̀ mọ́, ẹ kọ́kọ́ bi fóònù náà léèrè.

Àwọn mìíràn ní kí ìjọba ṣe òfin. Kòríà Gúúsù ṣe é. Láti 2011, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣe géèmù íntánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà láti agogo 12 òru títí di agogo 6 òwúrọ̀. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Eré náà kó kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó bọ́ sórí fóònù, níbi tí òfin náà kò dé. Ní 2021 ìjọba pinnu láti pa òfin náà rẹ́. Ta ni ó sì ra fóònù wọ̀nyẹn?

Òbí ni ẹjọ́ mi wà pẹ̀lú. Ẹ̀yin ni ẹ gbé fóònù lé ọmọ ọdún 3 lọ́wọ́ kí ó má baà sunkún létí yín. Nígbà tí ó di ọdún 14, ẹ gbé pàṣán. Ẹ jókòó nídìí oúnjẹ pẹ̀lú fóònù tiyín lọ́wọ́, ẹ sì ń pariwo pé ọmọ kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ pa àkókò eré pọ̀ sí iye kan, kí ó má sì yí padà nítorí inú yín dùn tàbí kò dùn. Ẹ gé iṣẹ́ ìwé sí wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì yìn ín ní kíákíá bí ó bá parí ọ̀kan. Bí ìṣòro bá kọjá agbára yín, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, láìtijú.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, nígbà tí bàbá kan bá tún fa ọmọ rẹ̀ wá, tí ó ní kí ẹ bá òun nà án, ẹ bi í kí ẹ tó fọwọ́ kan pàṣán: ọmọ ọdún mélòó ni ó jẹ́ nígbà tí èyí bẹ̀rẹ̀? Ṣé nílé nìkan ni, tàbí ní ilé ìwé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú? Níbo ni fóònù rẹ̀ ń sùn lóru? Bí bàbá náà kò bá mọ ìdáhùn ẹ̀kẹta, kí ó padà sílé lọ wò ó.