Ẹni Tó Gba Kọ́ńtíráàtì Aṣọ Ló Gbọdọ̀ Dáhùn fún Ọwọ́ Tó Rán An

Ilé-iṣẹ́ tó ń kó aṣọ fún iléèwé, ilé ìwòsàn tàbí báńkì, tí kò lè sọ yàrá tí wọ́n ti rán an, iye tó kan ẹni tó rán an, àti bóyá onítọ̀hún lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú, kò yẹ lẹ́ni tí à ń fún ní kọ́ńtíráàtì mọ́.

Télọ̀ pọ̀ ní Amukoko nílùú Èkó, láàárín Ajégúnlẹ̀ àti Orílé. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló ń bọ́ ilé, òun ló ń sanwó iléèwé ọmọ. Ibi tí mo ti ń bínú ni ọ̀nà tí iṣẹ́ ńlá ń gbà dé ọwọ́ irú wọn. Ẹni tó gba kọ́ńtíráàtì á gbé e fún ẹlòmíì, ìyẹn náà á tún gbé e fún ẹnì kẹta, oníkálukú á bu tirẹ̀ lórí owó. Nígbà tó bá fi máa dé ìdí ẹ̀rọ, owó tó kù kò lè bọ́ ẹni tó ń wà á. Ibẹ̀ ni oko ẹrú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá á yá òṣìṣẹ́ lówó oúnjẹ, á yọ owó aṣọ tó bàjẹ́, á ní kò gbọdọ̀ lọ títí gbèsè á fi tán, gbèsè ọ̀hún kò sì ní tán láéláé. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ pàápàá mọ iye tí òun ń sìn fún, ó sì ní àkókò tó fi ń ro oko ara rẹ̀.

Òfin wà. Abala 34 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní a kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣẹrú, a kò gbọdọ̀ fipá mú un ṣiṣẹ́. Àjọ NAPTIP, tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ti wà láti 2003. Àmọ́ ẹ wo ihò tí àwa fúnra wa dá sí i: òfin owó-oṣù tó kéré jù, tó di N70,000 ní 2024, yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ ẹni tó ń gbowó ní iye aṣọ tó bá rán. Télọ̀ inú yàrá kan jìn sínú ihò méjèèjì.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2015 ní kí ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 36 pọ́n-ùn kéde ohun tó ń ṣe láti dènà òwò ẹrú. Ṣùgbọ́n bó bá kéde pé òun kò ṣe nǹkan kan, ó ti mú òfin ṣẹ nìyẹn! Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni là, nítorí ibi iṣẹ́ gan-an ni ewu wà. Ní 2002, iná jó òṣìṣẹ́ pa nílé-iṣẹ́ kan ní Odógunyán, Ìkòròdú, nítorí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ní 2013, ògiri Rana Plaza, ilé kan tí wọ́n ti ń ránṣọ ní Bangladesh, ti sán kó tó wó, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ àwọn aránṣọ pé ẹni tí kò bá wọlé yóò pàdánù owó rẹ̀. Ó lé ní 1,100 èèyàn tó kú.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ kò sí, kí wọ́n máa dúpẹ́. Ebi kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti so ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ọmọṣẹ́ ni wọ́n, pé àṣà wa ni. Irọ́ ni. Ọmọṣẹ́ ní iye ọdún tí wọ́n dá fún un, ó sì ní ọjọ́ fírídọ̀mù. Ọmọ tó ń fi òru rán aṣọ kọ́ńtíráàtì, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, ẹrú ni wọ́n ń fi í ṣe.

Kí àwọn aṣòfin Àbújá dí ihò méjèèjì náà. Kí ilé-iṣẹ́ kọ orúkọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ránṣọ fún un sílẹ̀, kó máa yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀, kó bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀gá kò sí. Kó san iye tó tó owó iṣẹ́, kó sì san án lásìkò. Bó bá rí ọmọdé níbẹ̀, kó má kàn sá lọ. Kó rí i pé ọmọ náà padà sílé àti síléèwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń buwọ́ lùwé fún ẹgbẹ̀rún aṣọ, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ibi tí wọ́n ti ń rán an. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má san kọ́bọ̀.