Bí O Kò Bá Lè Ra Abẹ́rẹ́ Rẹ̀, Má Ra Ajá



Ní ilé wa ní Ìkẹjà, lẹ́yìn Ọ̀nà Ọba Àkran, ènìyàn márùn-ún ni wá, ẹran méjìlá ni a sì ń sìn: ajá méjì, ológbò mẹ́ta, adìẹ mẹ́fà, àti ìjàpá kan tí àbúrò mi gbé wálé, tó ní òun rí i lẹ́bàá gọ́tà. Yàrá mẹ́ta ni gbogbo wa jọ ń gbé.

Ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí yóò mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ológbò ti gbé ẹja tí Màmá mi dín pamọ́ fún àlejò, iwájú àlejò náà gan-an ló sì ti jẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi wá ìjàpá kiri, abẹ́ fìrísà ló sá sí. Adìẹ kan rìn kọjá lórí iṣẹ́ àṣetiléwá mi kí yíǹkì tó gbẹ. Nígbà tí mo gbé e fún olùkọ́ wa, wọ́n wo àmì ẹsẹ̀ náà títí, wọ́n ní, "Ta ló bá ọ kọ èyí?"

Bingo ni ajá àgbà. Èkejì, Màmá mi ló sọ ọ́ lórúkọ: Ẹ-máa-rojọ́. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà wa máa ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pe ajá náà ní gbangba, ìyá kan tó ń gbé yàrá òdìkejì dáhùn láti inú ilé pé, "Àwa kọ́ o!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí, òun pàápàá sì bá wa rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ìyá yìí ni Ẹ-máa-rojọ́ bù jẹ.

Ọ̀sán Sátidé ni. Bọ́ọ̀lù ọmọ náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ tí ajá ti ń jẹun, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Kí a tó pariwo, eyín ajá ti wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Gbogbo àgbàlá dàrú. Ẹnìkan ní kí a gé irun ajá náà, kí a jó o, kí a fi sójú egbò. Ẹlòmíràn ní epo pupa ló dára jù. Ẹnìkẹta ti ń wá igi tí yóò fi pa ajá. Bàbá mi dúró láàárín wọn, wọ́n ń sọ pé, "Ajá ilé ni, kò lè ní nǹkan kan lára."

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ilé kejì, ló pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. "Ẹ fi irun ajá sílẹ̀. Ọṣẹ dà?" Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà sábẹ́ omi ẹ̀rọ, wọ́n sì ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n ń wo aago. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí Bàbá mi: "Ìgbà wo ni ajá yìí gba abẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn?"

Kò sẹ́ni tó fèsì, nítorí kò gba ọ̀kan rí. A ti ra ṣéènì fún un l'Ágége. Bàbá mi ti pe káfíńtà wá kan ilé fún un. Èmi fúnra mi ti ya fọ́tò rẹ̀ tí kò lóǹkà sórí fóònù. Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò sẹ́ni tó rántí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ọ́n. Ajá tí à ń pè ní dìgbòlugi, kì í ṣe pé orí rẹ̀ kàn dàrú. Àrùn ni, inú itọ́ ajá ló sì ń gbà wọ ara ènìyàn. Ó lè wà lára fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó fara hàn, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ti fara hàn, bóyá ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ló ń pa lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì ti ń ṣọṣẹ́ jù. Nínú ènìyàn 100 tó bá kó o, 99 ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ti kó o. Síbẹ̀, láti ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti lo abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá bù jẹ, tí ọmọ náà sì yè. Àrùn tí ó ti ní abẹ́rẹ́ látìgbà náà kò yẹ kó máa pa ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: ó gbà á lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tún dá ọjọ́ mìíràn fún un, léraléra. Nọ́ọ̀sì náà ní a kò gbọdọ̀ pa ajá. Kí a so ó mọ́lẹ̀, kí a máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí kò bá yí padà, tí kò sì kú, á jẹ́ pé kò sí àrùn náà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ọmọ jẹ.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí ilé ṣe rí fún ọjọ́ mẹ́wàá nìyẹn. Láràárọ̀ ni ìyá ọmọ náà ń jáde wá dúró sójú ọ̀nà, tí yóò wo ajá náà fínnífínní, tí yóò sì padà wọlé láìsọ̀rọ̀. Màmá mi kò lè pe ajá wọn lórúkọ mọ́. Ọjọ́ kẹwàá pé, ajá ń jẹun, ó ń gbó. Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n orí ló yọ wá, kì í ṣe ọgbọ́n wa.

Èrò mi rèé. Nínú èdè wa, à ń sin ẹran bí a ṣe ń sin ọba. Ẹni tó bá ń sin nǹkan ní gbèsè sí i lọ́rùn. Ẹni tí kò bá lè san gbèsè abẹ́rẹ́, kó má bẹ̀rẹ̀.

Àwọn onílé kan yóò ní kí a kó gbogbo ẹran kúrò láàárín ìlú. N kò bá wọn lọ síbẹ̀. Bí iná bá lọ lóru, gbígbó ajá ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkẹjà fi ń sùn. Eku ló sì ń tan ibà Lassa ká, nítorí náà n kò ní lé ológbò jáde. Àwọn mìíràn yóò ní kò sówó. Owó tí Bàbá mi san lórí ọmọ kan yìí ì bá tó ajá méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni a sábà máa ń gún ajá lábẹ́rẹ́ yìí, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó bá pé oṣù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú. À ń gbé ọmọ ológbò wọ yàrá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, à ń fi í ṣeré. Bí ìdánwò bá parí, a di ẹrù, a fi í sílẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ológbò náà lè kó dìgbòlugi. Bí ẹni mẹ́rin nínú yàrá kan bá dáwó, owó abẹ́rẹ́ kò ní wúwo. Ẹ̀yin tí ẹ wà n'Íbàdàn àti l'Ábẹ́òkúta, ọsibítù ẹranko wà nínú yunifásítì yín níbẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tí Pasteur kú ní 1895, ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé. Ẹ fi ọjọ́ náà ṣe ìrántí abẹ́rẹ́ ẹran yín.

Ní báyìí, Bingo, Ẹ-máa-rojọ́ àtàwọn ológbò wa ní káàdì abẹ́rẹ́ tiwọn, inú àpò kan náà ló wà pẹ̀lú ìwé ìbí wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá tó wà ní yàrá òdìkejì béèrè pé kí a fi káàdì ọdún yìí han òun. Kò rẹ́rìn-ín. Màmá mi náà kò bínú, wọ́n wọlé lọ mú un wá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí aládùúgbò yín bá béèrè lónìí, káàdì ajá yín dà?